Ta ni ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ mùsíọ́mù wà fún? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ètò ọdún mẹ́wàá tí a ń kọ

Akọ̀wé Ìgbìmọ̀ Ètò

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi lẹ́nu iṣẹ́, mo kí gbogbo yín.

Ẹgbẹ́ àpapọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ mùsíọ́mù ní orílẹ̀-èdè wa ti yan ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje láti kọ ètò tí ẹgbẹ́ yóò máa tẹ̀ lé fún ọdún mẹ́wàá tí ń bọ̀, èmi ni wọ́n sì fi ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀ náà. A ti jókòó lẹ́ẹ̀mẹta. Ìwé tí a kọ ti di ojú ewé 21, ohun tí a sì ti tò sínú rẹ̀ pé ẹgbẹ́ yóò ṣe ti pé 44. Lálẹ́ ọjọ́ tí ìjókòó kẹta parí, mo ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọkàn mi kò sì balẹ̀, nítorí pé nínú ohun 44 wọ̀nyí, kò sí ẹyọ kan tí a kọ orúkọ ẹni tí yóò ṣe é sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kò sọ ibi tí owó rẹ̀ yóò ti wá. Ohun dáadáa ni gbogbo wọn: ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ìwé ìròyìn ẹgbẹ́, ẹ̀bùn fún ẹni tó ta yọ lẹ́nu iṣẹ́, ìkànnì tuntun, àpérò ọdọọdún, àpérò ti ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, ìtọ́sọ́nà fún àwọn ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ tó ń yí padà, ọ̀rọ̀ dídá ohun àtijọ́ padà fún àwọn tó ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí òṣìṣẹ́ tó ń gbowó oṣù nínú rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, tí gbogbo àwọn yòókù ń fi àkókò ìsinmi wọn ṣe iṣẹ́ ẹgbẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé, kò lè ru ẹrù ohun 44.

Mo ti wo bí àwọn ẹgbẹ́ tó ti pẹ́ ṣe rìn. Museums Association ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú York ní ọdún 1889, ni ó dàgbà jù nínú irú ẹgbẹ́ báyìí ní àgbáyé. Ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1906, ti Jámánì ní ọdún 1917. Ìgbìmọ̀ àgbáyé fún àwọn mùsíọ́mù, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí ICOM, kò sí títí di ọdún 1946. Kò sí èyí tó dúró sójú kan nínú wọn. Ní ọdún 2012, ẹgbẹ́ ti Amẹ́ríkà, tó ti ń jẹ́ American Association of Museums láti ìbẹ̀rẹ̀, sọ ara rẹ̀ di American Alliance of Museums. Ní Ọsirélíà, àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n ti ń dá ṣe tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ parapọ̀ di ẹyọ kan ní àwọn ọdún 1990. Nítorí náà, kì í ṣe ohun èèwọ̀ pé kí a tún ẹgbẹ́ wa dá láti ìpìlẹ̀ bí ó bá tó bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè méjì ni mo gbé wá. Èkíní, ta ni kí ẹgbẹ́ wa wà fún: ṣé òṣìṣẹ́ ni, àbí mùsíọ́mù tó gbà á síṣẹ́? Ìwé òfin wa gba méjèèjì wọlé, ó sì fún wọn ní ìbò kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n a kò tíì jókòó sọ ohun tí a ó ṣe bí ohùn méjèèjì bá takora. Èkejì, bí wọ́n bá ní kí ẹ mú ohun mẹ́ta péré nínú 44, èwo ni ẹ ó mú? Mo bẹ̀ yín, ẹ má sọ pé gbogbo rẹ̀ ló ṣe pàtàkì, nítorí pé ohun tí àwa náà ti ń sọ fún ara wa láti ìjókòó kìíní nìyẹn, òun náà ló sì sọ wá di olójú ewé 21.

Akápò Àná

Akọ̀wé wa, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe akápò nínú ẹgbẹ́ kan tó jọ tiyín, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀. Ojú owó ni mo fẹ́ gbà dá yín lóhùn, nítorí pé inú ìwé owó ni mo ti rí ẹni tí ẹgbẹ́ wà fún.

Ní ọjọ́ tí mo gba ipò náà, ìwé orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé lé mi lọ́wọ́, ìwé gbàǹgbà kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀. Ìlà mẹ́ta ni wọ́n fà sínú rẹ̀: orúkọ, ọdún, iye tí ẹni náà san. Mo mú bírò pupa, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ gbogbo ẹni tó san lẹ́ẹ̀kan tí kò sì san mọ́. Kí n tó dé ojú ewé kẹwàá, pupa ti bo ìwé náà. Ohun tó wá hàn sí mi ni pé ọdún kejì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń já. Wọ́n wọlé ní ọdún tí àpérò bọ́ sí agbègbè wọn, nítorí pé owó tí ọmọ ẹgbẹ́ ń san láti wọ àpérò kéré sí ti àlejò. Nígbà tí àpérò ṣí lọ sí ibòmíràn, wọn kò rí ìdí tí wọ́n á fi tún sanwó. Mo gbé fóònù, mo pe 40 nínú wọn. Ẹni mẹ́rin péré ló sọ pé owó ẹgbẹ́ ti pọ̀ jù fún òun. Àwọn yòókù ń sọ ohun kan náà bí ẹni pé wọ́n ti gbìmọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀: láti ọjọ́ tí àwọn ti sanwó, kò sí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ tó pe àwọn rí, àfi èmi yìí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé òṣìṣẹ́ ni kí ẹgbẹ́ wà fún. Mùsíọ́mù ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, ó ní agbẹjọ́rò, ó ní ẹni tó ń fún un lówó, yálà ìjọba ni tàbí àwọn olówó. Òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ kò ní irú rẹ̀. Lónìí ó wà ní mùsíọ́mù kan, lọ́dún mẹ́ta sí i ó ti wà ní òmíràn, ohun kan ṣoṣo tó lè bá a lọ láti ibì kan dé ibòmíràn ni ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti owó tán. Ibi mẹ́ta ni owó ti ń wọlé fún irú ẹgbẹ́ wa: owó ọdọọdún tí ọmọ ẹgbẹ́ ń san, èrè orí àpérò, àti owó ìrànwọ́ láti ìta. Àṣìṣe tí a ṣe ní tiwa ni pé èrè orí àpérò la fi ń san owó oṣù òṣìṣẹ́ wa. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà dé ní ọdún 2020, tí UNESCO sì kéde ní oṣù Kárùn-ún pé nǹkan bí 90 nínú gbogbo mùsíọ́mù 100 ní àgbáyé ni wọ́n ti tì, a kò lè ṣe àpérò mọ́, ẹni tó ni gbọ̀ngàn tí a ti san àsansílẹ̀ fún sì kọ̀ láti dá owó padà. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, a ní kí òṣìṣẹ́ wa kan ṣoṣo máa lọ sílé. Obìnrin yẹn ni ó mọ orúkọ àti nọ́ńbà gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lórí. Títí di òní olónìí, ìpinnu yẹn ṣì ń dùn mí.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí owó ọdọọdún nìkan tó láti san owó oṣù òṣìṣẹ́ yín àti owó fóònù rẹ̀, kódà bí ó bá gba pé kí ẹ dín iṣẹ́ kù. Ẹ jẹ́ kí èrè àpérò lọ sí àpò ìpamọ́ títí tí àpò náà yóò fi lè gbé ẹgbẹ́ fún oṣù mẹ́fà láìsí kọ́bọ̀ láti ibòmíràn. Ní ti owó ìrànwọ́, ohun tó ní ọjọ́ ìparí ni kí ẹ fi ṣe. Kí owó tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò san sì wà ní ìbámu pẹ̀lú ohun tó ń gbà. ICOM ń wo bí ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ṣe rí kí ó tó sọ iye tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó wà níbẹ̀ yóò san. Ohun tí wọ́n lè ṣe láàrin orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè, ẹ̀yin náà lè ṣe é láàrin olùdarí àgbà àti ẹni tó ń ṣọ́ yàrá ìpàtẹ.

Olùtọ́jú Aṣọ

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n wa Akápò Àná. Èmi nìkan ni òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú àkójọ ní mùsíọ́mù kékeré tí mo wà. Èmi ni mo ń kọ nọ́ńbà sára ohun tuntun, èmi ni mo ń nu eruku, èmi náà ni mo ń mú àwọn ọmọ ilé-ìwé yíká. Ìbéèrè kejì ni mo fẹ́ dáhùn, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ sí mi ni mo máa fi dáhùn rẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, mo fa àpótí kan jáde níbi tí a ń kó aṣọ onírun àgùntàn sí. Mo tú bébà tí a fi wé aṣọ kan, mo sì rí ohun kan tó rí bí iyẹ̀fun igi ní ibi tí a ti ṣẹ́ aṣọ náà. Mo fi fìtílà ọwọ́ wò ó ní ẹ̀gbẹ́gbẹ́, mo sì rí ihò wínníwínní àti èèpo ìdin tó ti bọ́. Kòkòrò ti wọ ibẹ̀. N kò mọ̀ bóyá aṣọ kan ṣoṣo ni tàbí gbogbo àpótí, n kò sì ní ẹni tí mo lè bi nínú ilé náà. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé kí n fọ́n oògùn apakòkòrò sí i. Mo dúpẹ́ pé n kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹnì kan wà tí a jọ jókòó nígbà ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ méjì kan tí ẹgbẹ́ ṣe ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Mo ṣì ní nọ́ńbà rẹ̀. Mo pè é ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́, ó sì bá mi sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Ó ní kí n má fọ́n ohunkóhun. Ó ní kí n wọ ìbọ̀wọ́, nítorí pé láyé àtijọ́ wọ́n máa ń fi májèlé bí ásẹ́níìkì tọ́jú irú ohun báyìí kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́, kò sì sí ẹni tó lè fi ojú lásán mọ èyí tí wọ́n fi sí. Ó ní kí n fi ọ̀rá wé aṣọ náà pinpin kí atẹ́gùn má lè wọlé, kí n gbé e sínú fíríìsà tó tutù dé ìwọ̀n Celsius 20 nísàlẹ̀ òdo, kí n sì fi í síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán. Ó wá tẹnu mọ́ ọn pé bí mo bá gbé e jáde, n kò gbọ́dọ̀ tú ọ̀rá náà títí di ọjọ́ kejì, nítorí pé bí nǹkan tútù bá pàdé atẹ́gùn tó móoru, omi yóò sẹ̀ sí i lára. Ara ọ̀rá ni kí omi náà sẹ̀ sí, kì í ṣe ara aṣọ. Ó tún kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwòrán tí wọ́n fi ọ̀dà kùn, tàbí ohun tí wọ́n fi oríṣiríṣi nǹkan ṣe pọ̀, láìjẹ́ pé mo bi ẹni tó mọ̀ ọ́n. Gbogbo ohun tó sọ ni mo kọ sílẹ̀. Aṣọ náà wà títí di òní, àti mẹ́tàdínlógún mìíràn tó wà nínú àpótí kan náà pẹ̀lú rẹ̀.

Ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ kò lè ṣe ohun tí ìpè wákàtí kan yẹn ṣe fún mi, ẹ̀bùn fún ẹni tó ta yọ kò sì lè ṣe é. Nítorí náà, ohun kìíní tí mo mú ni kí ẹgbẹ́ ní ìwé orúkọ àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ti gbà pé kí ọmọ ẹgbẹ́ máa pe àwọn: ẹni tó mọ aṣọ, ẹni tó mọ igi, ẹni tó mọ irin, ẹni tó mọ òfin, ẹni tó mọ bí a ṣe ń yá ohun àkójọ láti mùsíọ́mù dé mùsíọ́mù. Nígbà tí iná jó Mùsíọ́mù Orílẹ̀-èdè Bùràsíìlì ní ìlú Rio de Janeiro ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, tí ohun tó wà níbẹ̀ tó nǹkan bí mílíọ̀nù 20, ohun tí mo bi ara mi ni ẹni tí èmi yóò kọ́kọ́ pè bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí wa, lẹ́yìn tí mo bá ti pe àwọn panápaná. N kò rí ìdáhùn.

Ohun kejì ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tí wọ́n ń ṣe ní gbọ̀ngàn ńlá níbi tí olùdarí nìkan ti lè rí owó ọkọ̀ lọ. Kí ó wá sí yàrá àkójọ wa. ICCROM, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìtọ́jú ohun àjogúnbá, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Róòmù, ní ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní RE-ORG, èyí tó wà fún mùsíọ́mù kéékèèké láti fi tún yàrá ìkóhun-sí wọn tò pẹ̀lú ohun ìní díẹ̀. Kí ẹgbẹ́ mú irú rẹ̀, kí a kó ẹni mẹ́fà láti mùsíọ́mù mẹ́fà jọ sínú yàrá ẹnì kan fún ọ̀sẹ̀ kan, kí a tò ó tán. Nígbà tó bá yá, kí a lọ sí ti ẹlòmíràn. Ẹni tó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé àpótí pẹ̀lú rẹ ni o lè pè láago mẹ́jọ alẹ́.

N kò tíì rí ohun kẹta. Méjèèjì yìí tó mi.

Olùdarí Mùsíọ́mù Kan

Mo ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, mo sì gbà pé òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Síbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tì wá síta. Ní tiwa, ohun tí mùsíọ́mù mẹ́wàá tó tóbi ń san ló tó ìdajì owó tó ń wọlé fún ẹgbẹ́. Bí a bá sọ pé òṣìṣẹ́ nìkan ni ẹgbẹ́ wà fún, ìgbìmọ̀ tó ń darí mùsíọ́mù mi yóò bi mí ní ìdí tí a fi ń sanwó náà, n kò sì ní mọ ohun tí mo máa wí.

Ọ̀rọ̀ náà tún kọjá owó. Bí òṣìṣẹ́ bá mọ ohun tó tọ́ tí mùsíọ́mù rẹ̀ kò sì fẹ́ ṣe é, kí ni yóò ṣe? Ẹgbẹ́ ti Amẹ́ríkà rí èyí, wọ́n sì dá ètò ìfọwọ́sí sílẹ̀ fún àwọn mùsíọ́mù. Ọdún 1971 ni wọ́n fọwọ́ sí àwọn àkọ́kọ́. Mùsíọ́mù yóò kọ́kọ́ yẹ ara rẹ̀ wò, yóò kọ ohun tó rí, lẹ́yìn náà àwọn ẹlẹgbẹ́ láti mùsíọ́mù mìíràn yóò wá fojú ara wọn wò ó. Mo ti wà níbi tí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ti wáyé. Ọdún márùn-ún gbáko ni olùtọ́jú àkójọ wa fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tún òrùlé yàrá ìkóhun-sí ṣe, tí kò sí ẹni tó gbọ́ ọ; nígbà tí àlejò méjì kọ ọ́ sínú ìwé pé omi ń jò, owó rẹ̀ jáde láàrin oṣù mẹ́ta. Òṣìṣẹ́ ni àyẹ̀wò yẹn ṣe láǹfààní, ṣùgbọ́n bí mùsíọ́mù kò bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ kò ní ọ̀nà láti wọlé yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tí mo dábàá ni pé kí mùsíọ́mù máa jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, kí ó máa sanwó, kí ó sì ní àǹfààní tirẹ̀, ṣùgbọ́n kí ìbò yíyan alákòóso àti yíyí ìwé òfin padà jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èmi náà yóò dìbò, gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́.

Òṣìṣẹ́ Àdéhùn

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè, ni mo ṣe dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Iṣẹ́ olùkọ́ni ni mo ń ṣe ní mùsíọ́mù, àdéhùn oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n sì fi ń gbà mí. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún nìyí tí wọ́n ti tún un ṣe. N kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, nítorí pé fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́ béèrè ibi iṣẹ́ mi àti ipò mi, n kò sì mọ̀ bóyá ibi iṣẹ́ tí mo kọ síbẹ̀ yóò ṣì jẹ́ tèmi nígbà tí wọ́n bá kà á.

Mo fara mọ́ àbá ẹ̀gbọ́n wa Olùdarí lórí ìbò, ohun kan ni mo sì fẹ́ fi kún un. Ẹgbẹ́ ti Amẹ́ríkà ti kọ ìlànà ìwà fún àwọn òṣìṣẹ́ mùsíọ́mù láti ọdún 1925. ICOM fọwọ́ sí tirẹ̀ ní ìlú Buenos Aires ní ọdún 1986, wọ́n sì tún un kọ ní ọdún 2004. Mo ti ka ti ICOM dáadáa, mo sì ń lò ó. Púpọ̀ nínú rẹ̀ sọ ohun tí àwa òṣìṣẹ́ àti mùsíọ́mù jẹ ohun àkójọ àti àwọn ará ìlú, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mùsíọ́mù jẹ òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa náà kọ sílẹ̀. Èyí tí kò ná ẹgbẹ́ ní nǹkankan ni pé kí ẹgbẹ́ má gbé ìkéde iṣẹ́ kankan jáde tí wọn kò bá kọ iye owó oṣù sí, kí ó má sì gbé èyí tó ní kí ènìyàn wá ṣiṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ́fẹ̀ẹ́ kí ó lè rí ìrírí jáde. Àwọn mùsíọ́mù fẹ́ kí a rí ìkéde wọn. Lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ni kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ wà.

Ẹ̀yin akọ̀wé, ọ̀nà tí ẹ máa gbà béèrè lọ́wọ́ wa náà ṣe pàtàkì. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ICOM fẹ́ tún ìtumọ̀ mùsíọ́mù kọ. Ní ìlú Kyoto ní ọdún 2019, wọ́n gbé ìtumọ̀ tuntun wá fún ìbò, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ ní àkókò tí wọ́n fún àwọn kò tó, wọ́n sì dìbò pé kí wọ́n sún un síwájú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n béèrè lọ́wọ́ àwọn orílẹ̀-èdè lẹ́ẹ̀mẹrin láàrin oṣù 18, nígbà tí wọ́n sì dé ìlú Prague ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, ohun tó lé ní 92 nínú ìbò 100 ni ó gbà á wọlé. Ẹ má gbé ojú ewé 21 wá bá wa ní ọjọ́ àpérò kí ẹ sì ní kí a nawọ́ sókè.

Akọ̀wé Ìgbìmọ̀ Ètò

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Mo tẹ gbogbo ohun tí ẹ kọ sórí bébà, mo sì gbé e lọ sí ìjókòó wa kẹrin. Mo fẹ́ kí ẹ mọ bí ó ṣe rí.

A jiyàn púpọ̀ lórí ìbò, àbá Olùdarí ni ó sì borí níkẹyìn: mùsíọ́mù yóò jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, ìbò yíyan alákòóso àti ti ìwé òfin yóò jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. A ti yọ ibi iṣẹ́ àti ipò kúrò nínú ohun tí fọ́ọ̀mù ń béèrè ní dandan. Nínú ohun 44, a fi mẹ́ta sílẹ̀: ìwé orúkọ àwọn tí ọmọ ẹgbẹ́ lè pè, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ láti yàrá àkójọ kan dé òmíràn, àti ìlànà lórí ohun tí mùsíọ́mù jẹ òṣìṣẹ́ rẹ̀, tí a ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkéde iṣẹ́. Àpérò yóò di ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún méjì. Ìwé ìròyìn yóò dúró ná. Ó dun ẹni tó ti ń ṣe olóòtú rẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án, ó sọ ọ́ lójú gbogbo wa, a sì jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán. N kò ní sọ pé ó rọrùn. Ètò ìfọwọ́sí àwọn mùsíọ́mù wù wá, ṣùgbọ́n a ti sún un sí ọdún karùn-ún, nítorí pé a kò tíì ní àwọn tí yóò máa lọ yẹ mùsíọ́mù wò.

Ìwé náà ti di ojú ewé mẹ́fà. A ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹ̀ka lóṣù tí ń bọ̀, a ó gba èsì, a ó tún un kọ, a ó sì tún fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì kí ó tó di ìbò. Lẹ́yìn ohun kọ̀ọ̀kan, mo fa ìlà mẹ́ta bíi ti ìwé Akápò Àná: ẹni tí yóò ṣe é, ibi tí owó rẹ̀ yóò ti wá, ọjọ́ tí a ó wò ó. Ìlànà ìkéde iṣẹ́ ti ní orúkọ, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ti ní orúkọ. Ti ìwé àwọn tí ọmọ ẹgbẹ́ lè pè ni ó ṣì ṣófo.

Olùtọ́jú Aṣọ

Ẹ kọ tèmi síbẹ̀. Ọdún méjì ni mo lè ṣe, alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan ni mo sì ní lọ́sẹ̀, nítorí náà ẹ má kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti pe ẹni tó gbà mí nímọ̀ràn lórí aṣọ ní ọjọ́ yẹn. Ó ní kí n fi òun ṣe orúkọ àkọ́kọ́ nínú ìwé náà, ó sì mọ ẹnì kan tó ń tọ́jú irin.